Ọ̀fẹ́ Lọ́tọ̀, Òmìnira Lọ́tọ̀: Bí A Ṣe Ń Yẹ Láísẹ́ǹsì Sọ́fítíwíà Wò

Mo ní oníbàárà kan ní Ìdúmọ̀tà, ìyá tó ń ta léèsì. Èmi ni mo máa ń bá a tún kọ̀ǹpútà ìsọ̀ rẹ̀ ṣe. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ètò ìṣirò ọjà lọ fún un, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ṣé ọ̀fẹ́ ni?" Mo ní, "Ọ̀fẹ́ ni, mà." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa gbé e sí i.

Apá kan wà nínú ètò náà tó ń tẹ rìsíìtì. Mi ò kọ ìyẹn fúnra mi, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rí i. Wọ́n kọ "free" gàdàgbà sókè ojú ìwé rẹ̀, mi ò sì ka nǹkan mìíràn mọ́. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìwé ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í há, ni mo bá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ kóòdù náà pé kó ràn mí lọ́wọ́. Èmi náà ló sọ ọ́ fún un, láìsí pé ó béèrè, pé ìsọ̀ léèsì ni mo ń lò ó fún. Èsì tó fún mi kúrú: láísẹ́ǹsì òun, ìyẹn ìwé àṣẹ tó sọ ohun tí èèyàn lè fi kóòdù náà ṣe, kò gba kí wọ́n lò ó níbi tí wọ́n ti ń tajà, kí n sanwó tàbí kí n yọ ọ́ kúrò. Ó tọ̀nà. Ó ti wà nínú fáìlì LICENSE láti ọjọ́ kìn-ín-ní, ní ìlà kẹrin. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kọ òmíràn.

Àwọn Òyìnbó ní ìṣòro kan tí àwa ò ní. "Free" kan náà ni wọ́n fi ń pe ohun tí a kì í sanwó fún, òun náà ni wọ́n fi ń pe ẹni tí kò sí nínú ìdè. Richard Stallman, tó kéde iṣẹ́ GNU ní 1983, tó sì dá Free Software Foundation, ẹgbẹ́ tó ń jà fún sọ́fítíwíà òmìnira, sílẹ̀ ní 1985, kò tíì dẹ́kun àtimáa ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí fún wọn. Yorùbá ti yanjú ẹ̀ fún wa tipẹ́: ọ̀fẹ́ lọ́tọ̀, òmìnira lọ́tọ̀. Òmìnira la fẹ́ yẹ̀ wò níbí. Ti owó kọ́. Stallman gan-an ta téèpù Emacs, ètò tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ní 150 dọ́là nígbà yẹn, sọ́fítíwíà òmìnira sì ni Emacs.

1. Ẹ wá láísẹ́ǹsì náà gan-an rí

Ohun tí wọ́n kọ sójú ìkànnì ò tó, ohun tí ọ̀rẹ́ yín ní Yábàá sọ ò tó. Ẹ ṣí àpò kóòdù náà, kí ẹ wá fáìlì tó ń jẹ́ LICENSE tàbí COPYING. Nígbà mìíràn NOTICE máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí fáìlì kóòdù mẹ́rin-márùn-ún, kí ẹ wo orí wọn. Ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SPDX-License-Identifier sábà máa ń wà níbẹ̀, orúkọ kúkúrú láísẹ́ǹsì á sì tẹ̀ lé e, bíi MIT tàbí GPL-3.0-or-later. Bí ohun tó wà lórí fáìlì bá ta ko ohun tó wà nínú LICENSE, ẹ má yan èyí tó wù yín. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Bí ẹ ò bá wá rí láísẹ́ǹsì kankan ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé ohun tí èèyàn bá gbé sórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, láìkọ nǹkan kan sí i ti di ti gbogbo ayé. Òdìkejì rẹ̀ ni. Lábẹ́ Òfin Kọ́píráìtì ti 2022 ní Nàìjíríà, èyí tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, ètò kọ̀ǹpútà wà lára àwọn iṣẹ́ àkọsílẹ̀ tí òfin ń dáàbò bò, kò sì di dandan kí ẹni tó kọ ọ́ lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan kí ààbò náà tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá sọ pé ẹ lè ṣe é, ẹ ò lè ṣe é. Bí ìsọ̀ kan bá ṣí sílẹ̀ ní Balógun nígbà tí ẹni tó ni ín lọ kírun, ṣé a máa wọlé lọ kó léèsì ni?

Ẹ wo nọ́ńbà ẹ̀dà tí ẹ̀ ń lò pẹ̀lú. Abẹ́ MPL 2.0, láísẹ́ǹsì òmìnira kan, ni Terraform, ètò tí wọ́n fi ń to kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì, wà títí dé ẹ̀dà 1.5. Ní oṣù Kẹjọ 2023, HashiCorp tó ni ín kéde pé àwọn ń gbé e sábẹ́ BSL, tí kì í ṣe ti òmìnira, ẹ̀dà 1.6 ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Redis, ètò tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà, náà ńkọ́? Ẹ̀dà 7.2 wà lábẹ́ BSD, tó jẹ́ ti òmìnira. 7.4 bọ́ sábẹ́ láísẹ́ǹsì méjì tí ìkankan nínú wọn ò yege. Nígbà tó di 2025, wọ́n fi AGPL, láísẹ́ǹsì òmìnira mìíràn, kún ti Redis 8, ó sì padà sójú ọ̀nà. Orúkọ kan náà, ìdáhùn mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ṣé ti òmìnira ni Redis, ẹ bi í padà pé èwo nínú wọn.

2. Ṣé àwọn àgbà ti dá a lẹ́jọ́ tẹ́lẹ̀?

Ẹ má ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí. Free Software Foundation ní àkójọ láísẹ́ǹsì tí wọ́n ti yẹ̀ wò pẹ̀lú ìdájọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Debian, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, gbé ìlànà tiwọn jáde ní 1997, Bruce Perens ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Open Source Initiative, ìyẹn OSI, ẹgbẹ́ mìíràn tó ń yẹ láísẹ́ǹsì wò, sílẹ̀ ní 1998, ìlànà Debian yẹn náà ni wọ́n tún ṣe díẹ̀ tí wọ́n fi ṣe tiwọn. MIT, BSD alábala méjì tàbí mẹ́ta, Apache 2.0, MPL 2.0, GPL, LGPL àti AGPL yege lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Bí tiyín bá wà nínú ìwọ̀nyí, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí ẹ gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ohun tó wà níwájú yín ni ohun tí wọ́n dá lẹ́jọ́. Ẹ gba ọ̀rọ̀ MIT láti ìkànnì OSI, kí ẹ fi diff, ètò tó ń fi ìyàtọ̀ fáìlì méjì hàn, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Ìpínrọ̀ mẹ́ta péré ni MIT. Bí ẹ bá rí ìkẹrin, ẹnì kan ti bu omi là á. Irú ẹ̀ ni Commons Clause tó jáde ní 2018: wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ láísẹ́ǹsì tó dára bí Apache, wọ́n á sì fi gba ẹ̀tọ́ láti tà á lọ́wọ́ yín. Orúkọ Apache ṣì wà lókè gbàgàdà. Ẹni tó bá ka orúkọ nìkan ti jìn sí kòtò.

Tí ẹ bá rí "source available", "community license", tàbí "free for personal use", ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kíkà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

3. Ìbéèrè mẹ́rin, láti 0

Òmìnira mẹ́rin ni wọ́n kà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ kíkà wọn láti 0 bí àwọn tó ń kọ kóòdù ṣe máa ń kà. Wọn ò gùn dọ́gba, 0 ló le jù.

*Òmìnira 0: ṣé mo lè lò ó fún ohunkóhun?* Ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ìwé náà ti sọ irú ẹni tó lè lò ó, tàbí ohun tó lè lò ó fún. "Fún ẹ̀kọ́ nìkan." "Kì í ṣe fún òwò." "Fún iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò tó àádọ́ta." Gbogbo wọn ló ti ṣubú. Láísẹ́ǹsì Creative Commons tó bá ní NC (ìyẹn "kì í ṣe fún òwò") lórúkọ wà lára wọn.

"Kì í ṣe fún òwò" máa ń dùn létí, torí a máa ń rò pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń bá wí. Ẹ gbé e dé ìgboro Èkó kí ẹ wò ó. Ìyá oníléèsì ń ṣòwò, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Akẹ́kọ̀ọ́ UNILAG tó bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ńkọ́? Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ní Ṣómólú tó ń gba owó ilé ìwé ńkọ́? Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń ta ìwé ìwàásù lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́? Ẹni tó kọ láísẹ́ǹsì náà nìkan ló mọ ibi tí òwò ti bẹ̀rẹ̀ lójú tiẹ̀, ọjọ́ tí inú bá bí i ló sì máa sọ ọ́.

Irú kejì ló ṣòro jù fún ọmọlúàbí láti kọ̀. Douglas Crockford mú MIT, ó sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún un fún kóòdù JSON rẹ̀: kí wọ́n fi ṣe rere, kí wọ́n má fi ṣe ibi. Free Software Foundation ní kì í ṣe ti òmìnira. Ọ̀rẹ́ mi kan bínú nígbà tó gbọ́. "Ṣé wọ́n fẹ́ ká máa ṣe ibi ni?" Rárá o. Ẹni tó bá jalè, ọlọ́pàá ló ni ín. Ṣùgbọ́n tí láísẹ́ǹsì bá sọ ara rẹ̀ di adájọ́, ta ló máa sọ ohun tó ń jẹ́ ibi? Ọtí títà ńkọ́? Tẹ́tẹ́ ńkọ́? Àgúnmu ńkọ́? Ẹ béèrè ní àdúgbò kan ṣoṣo ní Múṣin, ìdáhùn tí ẹ máa gbà ò ní bára mu, gbogbo wọn ló sì máa fi ìbúra sí i.

BSL ń mú nǹkan rú èèyàn lójú. Ẹ lè ka kóòdù rẹ̀, ẹ lè yí i padà, ṣùgbọ́n ibi tí ẹni tó ni ín bá fi ààlà sí ni ẹ ti lè lò ó fún iṣẹ́ gidi. Bó pẹ́ bó yá, láàárín ọdún mẹ́rin, ẹ̀dà náà á bọ́ sábẹ́ láísẹ́ǹsì òmìnira. Mi ò ní ohun kan lòdì sí ìlérí yẹn. Ṣùgbọ́n òní la fẹ́ ṣiṣẹ́. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, "rárá, títí di ọjọ́ báyìí" ni mo máa ń kọ sí i.

Llama 2 àti 3, ètò AI tí Meta gbé jáde, náà ńkọ́? Wọ́n ń pè é ní open source, OSI sì ta kò wọ́n. Iléeṣẹ́ tí àwọn tó ń lo ọjà rẹ̀ bá ju mílíọ̀nù 700 lọ lóṣù gbọ́dọ̀ lọ tọrọ àṣẹ, àkójọ èèwọ̀ sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni ní Yábàá tó ní mílíọ̀nù 700 oníbàárà. Bóyá ó kàn yín kọ́ la ń wò níbí. Láísẹ́ǹsì tó bá ya ẹnì kan sọ́tọ̀ ti kùnà, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́rọ̀ tí ojú rẹ̀ ò wù yín rí.

*Òmìnira 1: ṣé mo lè rí inú rẹ̀, kí n sì yí i padà?* Source code, ìyẹn kóòdù bí èèyàn ṣe kọ ọ́, gbọ́dọ̀ wà, kó sì jẹ́ irú èyí tí ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. JavaScript tí wọ́n ti fún pọ̀ sí ìlà kan, tí gbogbo orúkọ inú rẹ̀ ti di a, b, d, kì í ṣe source code. Àyẹ̀wò tí mo máa ń ṣe ò nira: mo máa ń gbé kóòdù náà sórí ẹ̀rọ tí kò ní nǹkan kan lórí, màá yí "Total" padà sí "Àròpọ̀", màá wá wò ó bóyá ètò náà máa jáde pẹ̀lú Yorùbá mi lára. Bí kò bá jáde torí pé fáìlì kan ṣì wà lọ́wọ́ wọn, òmìnira yìí ò tíì pé.

*Òmìnira 2 àti 3: ṣé mo lè fún ẹlòmíràn, bó ṣe wà tàbí bí mo ṣe tún un ṣe?* ND (ìyẹn "ẹ má pín èyí tí ẹ yí padà") nínú Creative Commons ń pa òmìnira 3. Láísẹ́ǹsì tó bá ní ẹ lè pín in ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ tà á ò yege. Ọmọ tó gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ GPL, sórí fláàṣì, tó ń tà á ní Òtìgbà ní Computer Village, ò ṣẹ GPL rárá, tó bá ṣáà ti fún ẹni tó rà á ní source code rẹ̀ tàbí ọ̀nà tó máa fi rí i gbà. Ẹ sì ṣọ́ra fún àṣẹ orí ímeèlì. Bí ẹni tó ni kóòdù bá kọ̀wé sí yín pé "kò burú, máa lò ó", ẹ̀yin tó kọ̀wé sí nìkan ló fún. Oníbàárà yín ò sí nínú ẹ̀, ẹni tí oníbàárà yín máa gbé e fún ò sí nínú ẹ̀ pẹ̀lú.

4. Ẹ fi àyẹ̀wò mẹ́ta àwọn ará Debian gbé e wò

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan dánra wò. Èmi ni mo hun ún, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan nínú ẹ̀ tí mi ò tíì rí níbì kan rí:

"Ẹ lè lo sọ́fítíwíà yìí, kí ẹ pín in, kí ẹ tà á, kí ẹ sì yí i padà. Ẹ má yọ orúkọ wa kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá yí i padà gbọ́dọ̀ fi àyípadà náà ránṣẹ́ sí wa láàárín ọjọ́ 30. Èyí tí ẹ bá yí padà gbọ́dọ̀ máa jẹ́ orúkọ mìíràn. A lè dá àṣẹ yìí dúró nígbàkigbà."

Ìkìn-ín-ní dára. Ìkejì dára, ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ ni. Ìkẹrin máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìlànà Debian àti ti OSI gbà á tààrà pé kí orúkọ yàtọ̀. Ìkẹta àti ìkarùn-ún ni ká gbé lọ síwájú àyẹ̀wò.

Àyẹ̀wò kìn-ín-ní ni ti erékùṣù. Ẹnì kan há sí erékùṣù kan, ó ní kọ̀ǹpútà tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣé ó lè yí sọ́fítíwíà náà padà, kó fún ẹni tí wọ́n jọ há síbẹ̀, láìrú láísẹ́ǹsì? Gbólóhùn kẹta ti sọ ọ́ di arúfin ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ẹni tó bá rò pé àlọ́ lásán nìyẹn, kó rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan, tí báńkì àti iléeṣẹ́ l'Ékòó ń wá íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wá omi lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀.

Ìkejì ni ti ẹni tó gbọ́dọ̀ fi ara rẹ̀ pamọ́ fún ìjọba. Ní àwọn ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun, àwọn oníròyìn kan wà ní ìlú Èkó yìí tó ń tẹ ìwé ìròyìn wọn ní bòókẹ́lẹ́. Ká ní òní ni, tí irú wọn tún sọ́fítíwíà kan ṣe kí wọ́n lè máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn láìsí olófòófó, láísẹ́ǹsì tó ní kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín ti fọwọ́ tọ́ka ilé wọn fún ọlọ́pàá. Gbólóhùn kẹta tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ká ní iléeṣẹ́ burúkú kan ra ẹni tó kọ sọ́fítíwíà náà tọwọ́tẹsẹ̀ lọ́la, tàbí ká ní òun fúnra rẹ̀ jí lọ́jọ́ kan kó kórìíra yín. Àṣẹ tí ẹ ti gbà, ṣé ó lè gbà á padà? Ẹni tó bá ti háyà yàrá l'Ékòó rí mọ ohun tí mò ń sọ: omi ń yọ, iná dáa, aládùúgbò ò yọ yín lẹ́nu, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí lánlọ́ọ̀dù máa ní òun fẹ́ tún ilé òun ṣe. Gbólóhùn karùn-ún lánlọ́ọ̀dù ni. Ẹ má ṣì í mú o: GPL náà ní àṣẹ ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá rú u, ìyẹn ò burú, torí ọwọ́ yín ló wà. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí kò nílò ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́dọ̀ yín, ni ká kọ̀.

Àyẹ̀wò kẹta yìí ló gba àwọn tó ń lo Terraform là ní 2023. HashiCorp lágbára láti yí láísẹ́ǹsì ẹ̀dà tó ń bọ̀, kò lágbára lórí kóòdù tó ti jáde lábẹ́ MPL. Àwọn tó ń lò ó mú ìyẹn, wọ́n sọ ọ́ di OpenTofu. Àwọn mìíràn mú Redis 7.2, wọ́n sọ ọ́ di Valkey.

5. Ohun tó jọ ìdè tí kì í ṣe ìdè

Ọ̀gbẹ́ni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá kì í jẹ́ kí n gbádùn lórí GPL. Ó ní báwo ni ohun tó ń pàṣẹ ṣe máa jẹ́ ti òmìnira. Mo ní kó ka àṣẹ náà: bí o bá fi ètò yìí tàbí èyí tí o kọ́ lé e lórí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, fún un ní source code, kí o sì fún un ní òmìnira tí ìwọ náà gbà. Bí o bá ń lò ó nínú yàrá rẹ láìfún ẹnikẹ́ni, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tí GPL ń gbà lọ́wọ́ rẹ ò ju pé o ò ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ìyẹn ò bá bá òwò rẹ mu, wá ohun tó wà lábẹ́ MIT lọ, kò sẹ́ni tó máa bú ẹ. A ò tíì parí ìjà náà.

AGPL fa okùn kan náà gùn dé orí server: ẹni tó bá yí ètò náà padà, tó ń jẹ́ kí aráyé máa lò ó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí source code ẹ̀dà yẹn gbà. Ó yege. SSPL tí MongoDB, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò ìtọ́jú dátà, gbé jáde ní 2018 jọ ọ́ bí Táíwò ṣe jọ Kẹ́hìndé, orí abala 13 ni wọ́n ti pínyà. Nínú ti SSPL, bí ẹ bá ń ta iṣẹ́ náà fún àwọn èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́dọ̀ tú gbogbo ohun tí ẹ fi ń ṣe é síta lábẹ́ SSPL: ohun tí ẹ fi ń ṣọ́ ọ, ohun tí ẹ fi ń pa ẹ̀dà mọ́, ohun tí ẹ fi ń darí rẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ jẹ́ ara MongoDB rárá. MongoDB gbé e lọ síwájú OSI, wọ́n sì fọwọ́ ara wọn mú un kúrò ní 2019. Debian àti Fedora, ẹgbẹ́ mìíràn bíi tiwọn, ò gbà á.

Ẹ̀yin tó ń kọ Yorùbá lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà tó kàn yín gan-an. Fọ́ǹtì tó gbé ẹ, ọ, ṣ pẹ̀lú àmì ohùn dáadáa, bíi Charis SIL, Gentium àti Noto, abẹ́ SIL Open Font License ni wọ́n wà. Ìwé yẹn ní ẹ ò gbọ́dọ̀ ta fọ́ǹtì náà ní òun nìkan, ẹ lè tà á tí ẹ bá dì í pọ̀ mọ́ sọ́fítíwíà. Free Software Foundation gbà á, torí ètò kékeré tí kò ṣe ju kó kí ayé káàbọ̀ lọ ti tó láti dì í pọ̀ mọ́. Ìdájọ́ yẹn ò fi gbogbo ara tẹ́ mi lọ́rùn, ó jọ ọgbọ́n àyínìke díẹ̀. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì náà ni mo fi ń kọ èyí.

6. Ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ lè má jẹ́ ohun tí ẹ kà

Source code Visual Studio Code, ètò Microsoft tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, wà lábẹ́ MIT. Èyí tí ẹ gbà láti ìkànnì Microsoft, tó ti ṣetán láti ṣiṣẹ́, ní láísẹ́ǹsì mìíràn tí kì í ṣe ti òmìnira. Ìdí tí VSCodium fi wà nìyẹn: kóòdù MIT yẹn kan náà ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lábẹ́ MIT. Bẹ́ẹ̀ náà ni Chromium tó jẹ́ ti òmìnira àti Chrome tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, láísẹ́ǹsì ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yín gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tú inú rẹ̀ wò. Ètò kan lè gbé igba ohun èlò sínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú láísẹ́ǹsì tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín ṣa orúkọ wọn jọ, kí ẹ wá fi ojú ara yín ka èyí tó bá jẹ́ àjèjì. Rìsíìtì tó kó bá mi, inú ibẹ̀ ló sá sí. Ẹ sì rántí pé méjì lè yege kí wọ́n má lè gbé pọ̀: Apache 2.0 àti ohun tó wà lábẹ́ GPL 2 nìkan ò ṣeé pò pọ̀ sínú ètò kan, Apache 2.0 àti GPL 3 ń gbé pọ̀ láìsí ìjà.

Lọ́yà kọ́ ni mí. Bí owó gidi bá wà nídìí iṣẹ́ yín, ẹ kọjá afárá, kí ẹ lọ bá ẹni tó mọ òfin kọ́píráìtì.

7. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Fáìlì kan ṣoṣo ti tó: orúkọ ohun èlò, nọ́ńbà ẹ̀dà, láísẹ́ǹsì, ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ìdájọ́ yín ní gbólóhùn kan. Ẹ fi ẹ̀dà láísẹ́ǹsì ọjọ́ yẹn pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì lè yí padà ní ọ̀la.

Nígbà tí mo tún ètò ìyá oníléèsì gbé kalẹ̀, mo ti kọ rìsíìtì fúnra mi, mo sì gbé gbogbo rẹ̀ sábẹ́ GPL 3. Mo jókòó tì í láti ṣàlàyé. Kò gbọ́ tán kó tó já lu ọ̀rọ̀ mi. "Bí ìwọ náà bá wá jápa ńkọ́? Ta ló máa bá mi tún un ṣe?" Mo fi fláàṣì kan hàn án: gbogbo kóòdù náà wà níbẹ̀, láísẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀, ọmọ yòówù tó bá mọ iṣẹ́ lè gbé e, kó tún un ṣe, kò nílò kó pè mí. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá-sẹ́yìn, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀, sábẹ́ ìwé tó kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sí.